Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi kí oṣù Òkúdù tó wọlé?

Ìyá Ìbejì, Aké:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ọgbà. Ẹ̀yìnkùlé mi kò jìnnà sí Olúmọ, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fọ́n irúgbìn ewédú láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ péré ló hù, àgbàrá sì gbá ìyókù lọ. Tòmátì tí mo gbìn lọ́dún tó kọjá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó ni nígbà tí ó rọ lójijì tí ó sì kú, bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ kò tíì pọ́n rárá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbẹ̀ Ìbarà:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ní Abẹ́òkúta níbí, òjò ṣì ń bọ̀ wá pọ̀ sí i kí ó tó dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, nítorí náà ọ̀nà tí omi yóò gbà lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ kọ ebè gígùn tí yóò dábùú ilẹ̀ náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, torí poro tó bá kọjú sí ìsàlẹ̀ ni àgbàrá máa ń sọ di odò. Ẹ má da òkúta tí ẹ bá ṣà nù. Ẹ tò ó sí ẹsẹ̀ ebè, yóò di ilẹ̀ mú.

Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5 péré, kí ẹ sì tètè gbé e sínú omi tútù, nítorí bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò jinná. Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbẹ, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà ṣù sójú kan.

Bàbá Ọlọ́gbà, Làfẹ́nwá:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ebè yẹn pátápátá. Ní ti tòmátì, ó jọ pé àrùn inú ilẹ̀ ni. Bí òmíràn bá tún rọ báyìí, ẹ gé ìtì rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́. Bí ohun funfun bíi òwú bá ń ṣàn jáde lára rẹ̀, àrùn náà ni. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí ẹ ti ń kó ajílẹ̀. Ata àti ìgbá kò gbọdọ̀ dé ojú ibẹ̀, nítorí àrùn kan náà ń pa wọ́n; àgbàdo ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tèmi, n kò ní gbin tòmátì nísinsìnyí rárá, àfi kí n gbin irúgbìn rẹ̀ sínú àpótí lóṣù Ògún, kí ó lè so nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Aké:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin bàbá. Mo ní ìgbẹ́ adìẹ nílé, ṣé kí n dà á sórí ebè náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?

Àgbẹ̀ Ìbarà:
Rárá o, mà. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ, títí tí kò fi ní gbóná mọ́ tí òórùn rẹ̀ yóò sì ti lọ, kí ẹ tó pò ó mọ́ ilẹ̀.