Val Thorens ni ká lọ ni, àbí Zermatt?

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará mi. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ ṣe síkíì (fífi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín) lórí òkè Alps nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Val Thorens ní ilẹ̀ Faransé ló wù mí, torí 2,300 mítà ni ìlú náà fúnra rẹ̀ wà sókè, yìnyín ibẹ̀ kì í tètè yọ́. Ìyàwó mi ní Zermatt ní Switzerland ló dáa jù: mọ́tò elépo kì í wọ ìlú náà, ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀ láti Täsch, abúlé tó wà nítòsí rẹ̀, àwọn ọmọ á sì rí òkè Matterhorn gbangba. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ọ̀wọ́n gógó Switzerland ń bà mí lẹ́rù. Ní Faransé, ojú ọ̀nà síkíì aláwọ̀ ewé, èyí tó rọrùn jù, wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Búlúù, tó le díẹ̀ ju aláwọ̀ ewé lọ, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Switzerland, àbíkẹ́yìn wa ò sì tíì gbóyà débẹ̀.

Bá a ṣe máa ṣàkọsílẹ̀ síkíì wa lójoojúmọ́ náà jẹ mí lógún. Fóònù lè ka ibi tí ẹ̀rọ gbé wa gòkè mọ́ ibi tá a fúnra wa yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, òtútù a sì tún jẹ bátìrì rẹ̀ tán. Mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ ọ̀nà tó gbà, bí yìnyín ṣe le gbagidi láàárọ̀ àti bó ṣe rọ̀ lọ́sàn-án.

Ṣé ìwé kékeré inú àpò ló dáa, àbí áàpù kan wà tó ń ya gígòkè sọ́tọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ lọ rí, kí lẹ kọ sílẹ̀ tó wúlò fún yín nígbà tẹ́ ẹ padà lọ? A fẹ́ san owó ilé kí oṣù yìí tó parí.