Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìbọn ọdẹ tí kò wọ́n, tí kì í sì í tàsé

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìbọn tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń ṣáko bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti gbóná, mo sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo fi ṣe ẹran kan léṣe tí n kò rí i mọ́, ohun tí ó dùn mí títí di òní. Ìbọn Ruger American tí ó ń yin ọta .308 Winchester ni ọkàn mi fà sí báyìí, nítorí pé ìwọ̀n igun 70 digírì péré ni a ń gbé ọwọ́ irin ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ó tó ṣí, tí ènìyàn sì lè fúnra rẹ̀ dín líle ohun tí ìka ń fà kù. Ẹ̀yin tí ẹ ní in, ǹjẹ́ ìdí ìbọn náà tí a fi ike ṣe máa ń tẹ̀ kan ọ̀pá nígbà tí ẹ bá gbé e lé nǹkan? Ní 100 mítà, báwo ni ọta márùn-ún ṣe ń súnmọ́ra tó, pàápàá ọta kẹrin àti ìkarùn-ún? Ẹni tí ó bá sì ti lo ìbọn Tikka T3x rí, ǹjẹ́ ìyàtọ̀ wọn tó owó tí a ó fi lé e?