Ọjọ́ tí mo fi awò ọ̀nà jíjìn ya ẹyẹ

Ẹ ní kí kálukú sọ ìtàn ọjọ́ tó fi ọgbọ́n orí ya fọ́tò nígbà tí ohun èlò tó yẹ kò sí lọ́wọ́. Tèmi náà rèé o. A jáde lọ sí ìgbèríko, ká kàn fẹsẹ̀ rìn ni. Mo fi lẹ́ǹsì gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni sílẹ̀ nílé torí ó wúwo; lẹ́ǹsì kúkúrú 50mm, tí kì í fa nǹkan súnmọ́ni, nìkan ló wà lára kámẹ́rà. Bí a ṣe dé etí adágún báyìí, ẹyẹ kan ń ṣọ́ ẹja lódìkejì. Mo yà á. Nígbà tí mo wò ó, ẹyẹ ò tó orí abẹ́rẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi gbé awò ọ̀nà jíjìn dání. Mo gbà á, mo gbé ojú fóònù mi lé ojú kan rẹ̀. Òkùnkùn biribiri ni mo kọ́kọ́ rí, torí bí fóònù bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìmọ́lẹ̀ ti sá lọ. Fóònù olójú mẹ́ta tún níṣòro tiẹ̀: èyí lo fi ń wò, ó ti fúnra rẹ̀ bọ́ sórí èkejì. Mo ká jákẹ́ẹ̀tì sórí òkúta, mo tẹ́ awò lé e, mo sé èémí. Síbẹ̀, tí mo bá ti fìka kan fóònù, gbogbo rẹ̀ á mì. Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn sókè lára rẹ̀ ló ń ya fọ́tò. Nínú bíi 40 tí mo yà, ẹyọ kan dáa: ẹyẹ náà dúró láàárín òbìrìkìtì dúdú bí ẹni tí a yọjú wò láti ihò kọ́kọ́rọ́, omi ń kán lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀, àmọ́ orí ti wú mi. Lámilámi kan bà sórí koríko. Mo rántí pé bí a bá yí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì 50mm síta, tí iwájú rẹ̀ kọjú sínú kámẹ́rà, kòkòrò á di ràgàjì. Mo yọ ọ́, mo yí i, mo fọwọ́ dì í mú. Kò sóhun tí a ń yí mọ́ kí àwòrán tó mọ́. Èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń sún síwá sẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àárín èmi àti lámilámi ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú rẹ̀ sì rí wínníwínní bí ajọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, inú kámẹ́rà wà ní ṣíṣí.

Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa tò láti ya fọ́tò. Mo gbé f, ìyẹn nọ́ńbà ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú lẹ́ǹsì, sí 16 kí ihò náà lè kéré, kí àwa àti òkè tó wà lẹ́yìn lè mọ́ kedere. Ó mọ́ lóòótọ́. Eruku tó ti wọlé náà mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi wò ó títí, ó ní, "Àwọn ẹyẹ wo ló ń fò lójú ọ̀run yìí?"

Mo ní mi ò mọ irú wọn.