Ọdún kẹrin ní AA Lọ́ńdọ̀nù: ṣé portfolio nìkan ló ń gbé ènìyàn wọlé?

Táyé_Rúlà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. B.Sc. Architecture ọlọ́dún mẹ́rin ni mo ní láti yunifásítì ìjọba nílẹ̀ wa. Mo fẹ́ wọ ọdún kẹrin ní Architectural Association (AA), ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akitẹ́ẹ̀tì ní Bedford Square, Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ní níwọ̀n bí kì í ti í ṣe yunifásítì, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ò ní wúlò nílé. Àwọn mìíràn ní tí portfolio, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ ẹni, bá ti dára, kò sí wàhálà. Èwo ni ká gbà gbọ́?

IgunMẹ́rin:
Táyé, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí ti yanjú. Lóòótọ́ AA kò sí lábẹ́ yunifásítì kankan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ akitẹ́ẹ̀tì ló dá a sílẹ̀ ní 1847, ẹgbẹ́ ló sì ni ín títí dòní. Ṣùgbọ́n láti 2019 ló ti gba àṣẹ láti máa fúnni ní degree fúnra rẹ̀. AA Diploma tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀ ló ń da àwọn èèyàn wa rú: akitẹ́ẹ̀tì mọ iyì rẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó bá rí "Diploma" lórí fọ́ọ̀mù lè rò pé OND ni.

Part 1, ìyẹn àkọ́kọ́ nínú ìpele mẹ́ta tí èèyàn ń là kọjá kó tó di akitẹ́ẹ̀tì ní UK, ni kó o bẹ̀rù. Ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún ló ń gbéni dé Part 2, ẹni tó ti ní Part 1 ni wọ́n sì ń retí níbẹ̀. B.Sc. tiwa kì í ṣe Part 1 lójú ARB, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ akitẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní UK. Kọ̀wé sí ARB àti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa pọ̀ kó o tó san kọ́bọ̀ kan, kó o sì gba èsì lórí ìwé, kì í ṣe lórí fóònù. ARB tún ń yí ètò Part 1, 2, 3 padà lọ́wọ́. Òfin ọdún tó o máa parí ni kó o béèrè, kì í ṣe ti ọdún tó o máa wọlé. Tí wọ́n bá ní ọdún kẹta lo máa wọ̀, owó ọdún kan ti lé nìyẹn, ó sì wúwo.

Kíyè sí i pé oríṣi MArch (master's nínú iṣẹ́ akitẹ́ẹ̀tì) méjì ló wà nílé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ti ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún, Part 2 ni. Èyí tó wà lábẹ́ àwọn ẹ̀kọ́ postgraduate, oṣù mẹ́rìndínlógún, kì í ṣe Part 2 rárá.

Ní ti ilé: ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ akitẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló máa yẹ degree náà wò tó o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Tó o bá sì ti sin ìjọba lórí B.Sc., NYSC kì í ṣe ìṣòro rẹ mọ́.

Ìyá_Greyboard:
Ẹ ṣeun, IgunMẹ́rin. Ẹ jẹ́ n mú portfolio.

Render, ìyẹn àwòrán kọ̀ǹpútà tó dà bíi fọ́tò, ló ń pa tàwọn ọmọ ilé wa. Ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ogún nínú rẹ̀ koríko tútù àti mọ́tò olówó ńlá! Ẹni tó ń wò ó kò rí bó o ṣe ń ronú. Mú iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí àwòrán ọwọ́ àkọ́kọ́, fi mọ́dẹ́ẹ̀lì tó o pa tì hàn, kó o tó wá gbé àwòrán ìkẹyìn kalẹ̀. Section 1:50 kan (àwòrán ilé bíi pé a là á sí méjì) tó fi hàn bí òjò ṣe ń kúrò lórí páànù dé inú gọ́tà sàn ju render márùn-ún lọ. Àga tó o kàn tàbí fọ́tò ọjà tó o yà náà lè wọ ibẹ̀.

300 dpi ni kó o fi skáànù àwòrán ọwọ́. Tó o bá fi fóònù yà á lábẹ́ iná yàrá, bébà á pọ́n, ìlà ẹ̀gbẹ́ á sì tẹ̀. Gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, pa fláàṣì, fi káádì funfun dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, kó o sì sọ kámẹ́rà kalẹ̀ dé ibi tí ojú ẹni tó dúró nínú ilé náà máa wà. Nínú PDF, fọ́tò lè wálẹ̀ sí 150 dpi, ṣùgbọ́n má sọ plan (àwòrán ilé láti òkè) àti section di JPEG: ìlà á rú, fáìlì á sì tún wúwo sí i.

Dẹ̀pò_SectionAA:
Tó o bá wọlé tán, yúnìtì ló kù, ìyẹn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn olùkọ́ kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn olùkọ́ á ṣàlàyé ohun tí yúnìtì wọn fẹ́ ṣe lọ́dún yẹn, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ ó sì to èyí tẹ́ ẹ fẹ́ léra. Ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún jọ ń jókòó sí yúnìtì kan náà ni. Má múra ìkíní nìkan sílẹ̀. Ìkejì tàbí ìkẹta ló lè já mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Béèrè ibi tí ìrìn-àjò yúnìtì máa dé àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Físà UK kò ṣílẹ̀kùn Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, fún ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Tí ìrìn náà bá bọ́ sí oṣù Kọkànlá, tó o sì ń wá ọjọ́ físà nínú oṣù Kẹwàá, ó ti pẹ́ jù.

Ìdánwò òpin ọdún ni wọ́n ń pè ní "tables": wàá tẹ́ portfolio sórí tábìlì, wàá sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ yúnìtì mìíràn tí wọn ò mọ ìtàn rẹ̀ rí. Ohun tí kò bá sí lórí bébà, wọn ò rí i. Design tó dára kò sì lè san gbèsè àròkọ history tàbí iṣẹ́ technical studies tó o jẹ sílẹ̀.

Ó dùn mí pé Department of Tropical Architecture, ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ilé kíkọ́ fún ilẹ̀ olóoru, kò sí ní AA mọ́. Ìpàdé 1953 tí Adédọ̀kun Adéyẹmí, akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní Manchester, ṣokùnfà rẹ̀ ló ṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1954. Ẹ̀ka náà kó lọ sí UCL (University College London) ní 1971. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ooru àti atẹ́gùn bá jẹ lógún, kó wo Sustainable Environmental Design, ṣùgbọ́n postgraduate nìyẹn, kì í ṣe Part 2.

Táyé_Rúlà:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Owó tí a gbọ́dọ̀ fi hàn fún físà ńkọ́? Ẹnìkan fẹ́ yá mi, kó wọ àkáǹtì lọ́sẹ̀ kan kí n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

IgunMẹ́rin:
Ọ̀sẹ̀ kan kò tó. Owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ kù, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́sàn-án ní iye tí wọ́n kà fún Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra. Tó bá fi náírà kan dín lọ́jọ́ kan péré, wàá tún un kà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí statement náà kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tó o fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Wọ́n sì lè béèrè ibi tí owó ńlá tó ṣàdédé wọlé ti wá. Tètè lọ ṣe àyẹ̀wò TB náà. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò.