Aláìsàn fọ́ mi létí ní dúùtì alẹ́, ṣé kí n kàn mú un mọ́ra ni?

DúùtìAlẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Bàbá kan tí wọ́n gbé wá sí ẹmájẹ́ńsì fọ́ mi létí níbi tí mo ti ń wá iṣan tí màá ki dírípù bọ̀, ó ń làágùn, ó ń sọ ìsọkúsọ, àwọn ọmọ ẹ̀ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Sikiọ́ríítì kan ṣoṣo tá a ní, géètì ló wà. Mẹ́tírọ̀n ní bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ṣé mo lè sọ pé mi ò tọ́jú ẹ̀ mọ́?

ÌyáWọ́ọ̀dù: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Ṣé ẹ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò? Èèyàn jẹ́jẹ́ tó ṣàdédé di oníjà tó tún ń làágùn, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rò. Ibà tó gun orí, orí tó fi gbálẹ̀, atẹ́gùn tí ò tó o, ọ̀mùtí tó dá ọtí dúró lójijì, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn fún un lábẹ́rẹ́ oorun láì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè pa á. Tó bá wá di dídì mú, kí ẹ pọ̀ níbẹ̀, kí ẹnì kan máa wo èémí ẹ̀, ẹ má dojú ẹ̀ bolẹ̀, ẹ má jókòó lé e láyà o.

Ẹ̀gbọ́nTíátà: Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 (National Health Act), section 21, ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ṣètò ààbò fún òṣìṣẹ́, o sì lè kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó ń lù ẹ́ tàbí tó ń bú ẹ, kó o fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ṣùgbọ́n kò kan alárùn ọpọlọ, section 20 sì ní a ò gbọ́dọ̀ kọ ẹmájẹ́ńsì, torí náà o ò lè kọ bàbá yìí. Kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ṣá, mẹ́tírọ̀n ò lè ní kó o má kọ ọ́.

Alábẹ́rẹ́: Èmi o, mọ̀lẹ́bí gan-an ni wàhálà tèmi, pàápàá tẹ́nìkan bá kú lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó. A kì í sọ ìròyìn ikú ní pàsẹ́jì mọ́, àgbà kan nínú wọn la máa mú wọ yàrá, dókítà àti nọ́ọ̀sì jọ máa lọ, àwa la máa sún mọ́ ilẹ̀kùn. Yọ stethoscope lọ́rùn kó o tó wọlé, wọ́n lè fi fún ẹ lọ́rùn.

DúùtìAlẹ́: Mo dúpẹ́ o. Ìyá, 38 mg/dL ni ṣúgà ẹ̀, ó ti lọ sílẹ̀ jù, glucose ló gbé e dìde, kò tiẹ̀ rántí pé òun na ẹnikẹ́ni. Mo ti ń kọ ìwé náà, Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kọ orúkọ bàbá sí i àbí nọ́ńbà káàdì nìkan?

Ẹ̀gbọ́nTíátà: Nọ́ńbà káàdì tó. Kọ ti sikiọ́ríítì kan ṣoṣo yẹn sí i gàdàgbà.