"Ìpàdé amóhùnmáwòrán" kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àbá yín pé ká máa pe fídíò tí dókítà fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní "ìpàdé amóhùnmáwòrán". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Iléṣà ló fà á.

Egbò kan wà lẹ́sẹ̀ màmá mi àgbà tí kò tètè jinná. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀ mọ́, pé dókítà yóò bá wọn ṣe "ìpàdé amóhùnmáwòrán" láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, màmá ti wé gèlè, wọ́n sì ti fi ìró bo ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Dókítà ní kí wọ́n ṣí i, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Kí gbogbo Ìjẹ̀ṣà wá máa wo egbò mi nínú tẹlifíṣọ̀n?"

Wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Láti 1959 tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ohun tí tajá-tẹran ń wò ni amóhùnmáwòrán.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: a-mú-ohùn-mú-àwòrán. Ó gbé ohùn wá, ó gbé àwòrán wá, ó tán. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àìgbèsì rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ti dókítà yìí, èsì ni gbogbo rẹ̀: ó bi ọ́, o dáhùn, ó ní kó o gbé fóònù sún mọ́ ojú egbò.

Bí ẹnì kan bá ní ká kúkú pè é ní "àyẹ̀wò orí ayélujára", ìyẹn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló lè tẹ ikùn aláìsàn wò látinú fóònù?

"Ìfojúrinjú ọ̀nà jíjìn" ni mo fọwọ́ sí. Ẹni méjì tó fojú rinjú, kálukú ń rí ẹnì kejì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn dókítà ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí àtàwọn ti Ifẹ̀ ló fẹ́ jọ jíròrò, a lè wá pe ìyẹn ní ìpàdé. Kò sóhun tó burú nínú "fídíò kọ́ọ̀lù" lẹ́nu àwọn ọmọ, àmọ́ ìwé tí aláìsàn máa tẹ̀ka sí ńkọ́?

Mo sún mọ́ màmá lọ́jọ́ náà, mo ní, "Dókítà kàn fẹ́ fojú rinjú pẹ̀lú yín ni, òun nìkan."

"Ṣé èmi náà á rí i?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ká ìró kúrò lẹ́sẹ̀.