Ajìjàgbara kọ́, agbèjà ni. Ẹ sì jẹ́ kí á fi erinmi sínú odò rẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá níjẹta pé kí á máa pe àwọn tó ń dènà pípa ẹranko òkun ní "ajìjàgbara òkun", kí á sì máa pe ẹran ńlá inú òkun tí òyìnbó ń pè ní whale, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀, ní "erinmi". Ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Inú odò ni erinmi ń gbé, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, koríko ló ń jẹ. Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá: Bíbélì Mímọ́ pe àwọn ẹran òkun inú Jẹ́nẹ́sísì 1:21 ní "erinmi ńláńlá". Ṣùgbọ́n a ti ní orúkọ fún whale nílẹ̀, àbùùbùtán. Ẹ tú u wò: à-bù-ì-bù-tán, bí àwíìgbọ́. Ohun tí a bù, bù, bù, tí kò tán.

Orúkọ yìí gan-an ló ń dùn mí. Wọ́n bù ú, ó sì kù díẹ̀ kó tán! Láàárín ọdún 1900 sí 1999, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ọdẹ pa ju mílíọ̀nù 2 lọ. Àjọ tí àdéhùn ọdún 1946 bí láti máa ṣàkóso ọdẹ náà kò dìbò dá òwò yẹn dúró títí di 1982, ọdún 1986 ni ìpinnu ọ̀hún sì tó múlẹ̀. Japan fi àjọ náà sílẹ̀ ní 2019, ó ń pa á lọ.

Ó wá ku ajìjàgbara. Ẹni tó ń jà kí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ lè bọ́ lóko ẹrú là ń pè bẹ́ẹ̀. Ara ta ni àwọn wọ̀nyí ń jà gbà? "Ajàfẹ́tọ̀ọ́" inú ìwé ìròyìn sàn díẹ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ ló ń gbé wá sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹfà 1975, àwọn ọmọ Greenpeace, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Vancouver ní Canada ní 1971, wa ọkọ̀ rọ́bà kéékèèké bọ́ sáàárín ọkọ̀ ọdẹ Soviet àti àbùùbùtán, lójú òkun California. Àwọn ọdẹ yìnbọn ọ̀kọ̀ gba orí wọn kọjá. Paul Watson wà níbẹ̀. Òun ló dá Sea Shepherd, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń dènà pípa ẹranko òkun, sílẹ̀ ní 1977. Ní oṣù keje 2024, wọ́n mú un ní Greenland, torí Japan ló ń wá a. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Oṣù Kejìlá tí Denmark, tí Greenland wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ láti fà á lé Japan lọ́wọ́ ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ẹni tó kó sínú ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó dúró ti ẹni tí wọ́n ń lù, kí là ń sọ pé ó ṣe? Ó gbèjà. Agbèjà òkun nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní "olùgbèjà" ńkọ́? Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Àbùkù kan tí mo rí lára tèmi ni pé àwa tí a kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ yóò kọ "agbeja", àwọn kan á sì rò pé alágbàrù ẹja là ń wí.

Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà láti fi erinmi sílẹ̀, mo lè gba ajàfẹ́tọ̀ọ́ fún wọn.